George Washington Carver: Olùkọ́ tó Sọ Ewé Igbó di Ajílẹ̀

Ẹ̀pà ni ọ̀pọ̀ ènìyàn fi mọ George Washington Carver. Ṣùgbọ́n kí ó tó di ìlú-mọ̀-ọ́n-ká nípa ẹ̀pà, ilẹ̀ ni ó kọ́kọ́ tọ́jú.

Inú oko ẹrú ni a bí i sí ní ìpínlẹ̀ Missouri, ní orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, ní nǹkan bí ọdún 1864. Ọmọ ọwọ́ ni nígbà tí àwọn ajínigbé jí òun àti ìyá rẹ̀ gbé. A rí ọmọ gbà padà, ṣùgbọ́n a kò rí ìyá mọ́. Ọmọ náà kò lágbára tó fún iṣẹ́ oko tó wúwo, nítorí náà ìdí ewéko ni ó sábà máa ń wà, títí àwọn aládùúgbò fi ń gbé irúgbìn wọn tó ń ṣàìsàn tọ̀ ọ́ wá. Lẹ́yìn ọ̀pọ̀ wàhálà, ó gboyè àkọ́kọ́ nínú ẹ̀kọ́ iṣẹ́ àgbẹ̀ ní Iowa ní ọdún 1894, ó sì gba oyè kejì ní 1896. Ní ọdún yìí kan náà ni Booker T. Washington pè é wá ṣiṣẹ́ olùkọ́ ní Tuskegee, ní ìpínlẹ̀ Alabama.

Ilẹ̀ tó ti ṣá ni Carver bá níbẹ̀. Ọdọọdún ni wọ́n ń gbin òwú sórí ilẹ̀ kan náà. Ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ aláwọ̀ dúdú ló ń dáko lórí ilẹ̀ onílẹ̀, tí wọ́n sì ń fi ìpín nínú irè oko san owó ilẹ̀. Àwìn ni wọ́n fi ń ra ajílẹ̀ ilé-iṣẹ́. Bí òwú kò bá ṣe dáadáa, gbèsè a gorí gbèsè. Báwo wá ni ẹni tí kò ní owó lọ́wọ́ yóò ṣe bọ́ ilẹ̀?

Inú igbó ni ìdáhùn wà. Ẹnikẹ́ni kì í da ajílẹ̀ sídìí igi igbó, síbẹ̀ ilẹ̀ ibẹ̀ dúdú, ó sì rọ̀, nítorí pé ewé tó ń já bọ́ ń jẹrà síbẹ̀, ó ń di oúnjẹ fún ilẹ̀, ó sì ń jẹ́ kí omi dúró. Carver kọ́ àwọn àgbẹ̀ láti kó ewé gbígbẹ láti inú igbó àti ẹrẹ̀ dúdú láti inú àbàtà, kí wọ́n tò ó ní ìpele-ìpele pẹ̀lú ìgbẹ́ ẹran, kí wọ́n sì dáàbò bo òkìtì náà kí òjò má baà ṣàn án lọ. Ó tún ní kí wọ́n máa fi ẹ̀wà àti ẹ̀pà pààrọ̀ òwú, torí pé àwọn wọ̀nyí máa ń fi náítírójìn inú afẹ́fẹ́ kún ilẹ̀.

Ó tẹ ìwé pélébé jáde lórí àtúnṣe ilẹ̀ ní ọdún 1905, ó sì padà sórí kókó náà ní 1936. Ní 1906, kẹ̀kẹ́ ẹṣin kan bẹ̀rẹ̀ sí í gbé ẹ̀kọ́ náà tọ àwọn tí kò lè wá sí ilé-ìwé lọ.

A kò lè sọ pé ẹ̀kọ́ yìí tú gbogbo wọn sílẹ̀. Ọdún díẹ̀ ni ilẹ̀ ń gbà kí ó tó sọjí, ẹni tí kì í ṣe onílẹ̀ kò sì mọ̀ bóyá òun ni yóò kórè lórí rẹ̀ lọ́dún tó ń bọ̀. Síbẹ̀, ohun tó wà ní àrọ́wọ́tó akẹ́kọ̀ọ́ ni Carver fi kọ́ ọ. Ó di olóògbé ní ọjọ́ 5, oṣù kìn-ín-ní, ọdún 1943, a sì sin ín sí Tuskegee. Kí àwa olùkọ́ náà wo àyíká ilé-ìwé wa kí a tó dáná sun ewé tí a gbá jọ.