Ayọ̀délé Awójọbí: Ọ̀jọ̀gbọ́n Tí Ó Fi Ìmọ̀ Rẹ̀ Ṣiṣẹ́

Ní ìgbà tí àwa wà ní ilé-ẹ̀kọ́ yìí, bí ilé-ẹ̀kọ́ girama kan bá fẹ́ kí òkìkí òun kàn, orí pápá eré ìdárayá ni yóò ti wá a. Ọmọ tí ó bá mọ eré sá tàbí tí ó mọ bọ́ọ̀lù gbá ni a ń pe orúkọ rẹ̀ níbi ìpéjọ òwúrọ̀. Lóde òní, ọ̀nà mìíràn ti là. Àwọn ọmọ girama ń bá ẹgbẹ́ wọn díje nínú ìṣirò, nínú fíísíìsì àti kẹ́místírì, àti nínú iṣẹ́ ẹ̀rọ. Ẹgbẹ́ JETS, tí í ṣe ti àwọn ọ̀dọ́ onímọ̀-ẹ̀rọ, oníṣẹ́-ọwọ́ àti onímọ̀ sáyẹ́ǹsì, wà ní ọ̀pọ̀lọpọ̀ ilé-ẹ̀kọ́. Ibùdó Ìmọ̀ Ìṣirò ti orílẹ̀-èdè wa ní Àbújá ń ṣètò ìdíje Olympiad. Ní ọdún 1998 sì ni ìdíje ìṣirò tí a fi orúkọ Cowbell pè bẹ̀rẹ̀ fún àwọn ilé-ẹ̀kọ́ girama.

Ìdùnnú ni èyí jẹ́ fún àwa akẹ́kọ̀ọ́ àtijọ́, ṣùgbọ́n ó yẹ kí a bi ara wa léèrè ohun tí a ń wá. Ṣé ife tí a óò gbé sórí àga ní ọ́fíìsì ọ̀gá àgbà ni, àbí ọmọ tí ìmọ̀ rẹ̀ yóò wúlò fún ìlú? Láti dáhùn ìbéèrè yìí, ìgbésí ayé ẹnì kan ni mo fẹ́ gbé síwájú àwọn ọmọ wa nínú ìwé àjọ̀dún yìí. Ẹni náà ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Ayọ̀délé Olúwatùmínínú Awójọbí, tí ó di olóògbé ní ọdún 1984. Àwọn àgbà kò gbàgbé rẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọmọ tí ń jókòó ní kíláásì lónìí kò tí ì gbọ́ orúkọ rẹ̀ rí.

Ìlú Oṣòdì ní Èkó ni a ti bí i ní ọjọ́ 12, oṣù kẹta, ọdún 1937. Ọmọ Ìkòròdú ni bàbá rẹ̀, Olóyè Daniel Adékọ̀yà Awójọbí, ẹni tí ó jẹ́ ọ̀gá ibùdó ọkọ̀ ojú irin. Ìyá rẹ̀, Comfort Bámidélé, jẹ́ ọmọ Mọdákẹ́kẹ́ ní ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun wa yìí, ó sì ń ṣe òwò kéékèèké. Nítorí náà, ẹ̀jẹ̀ agbègbè wa wà lára rẹ̀, kì í sì í ṣe ilé olówó ni ó ti jáde. Ilé tí bàbá ti ń ṣọ́ àkókò ọkọ̀ ojú irin, tí ìyá sì ń ka èrè ọjà rẹ̀ ní kọ́bọ̀ kọ́bọ̀, ilé tí a ti mọ iye ohun ni. Irú ilé bẹ́ẹ̀ pọ̀ ní Ararọ̀mí-Òwu, ní Ìkirè àti ní Àpòmù.

Ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ti St. Peter's ní Fáàjì ni ó kọ́kọ́ lọ, lẹ́yìn náà ni ó wọ CMS Grammar School ní Èkó. Ilé-ẹ̀kọ́ girama yìí ni ó pẹ́ jù lọ ní Nàìjíríà. Ọdún 1859 ni àlùfáà Thomas Babington Macaulay, àna Bíṣọ́ọ̀bù Àjàyí Crowther, dá a sílẹ̀. Ibẹ̀ ni ọmọdékùnrin náà ti fi ara rẹ̀ hàn ní ọ̀nà méjì tí àwọn ènìyàn kì í sábà rò pọ̀. Ó mọ ìṣirò dáadáa, bẹ́ẹ̀ ni ó sì mọ eré orí ìtàgé ṣe. Nígbà tí ilé-ẹ̀kọ́ náà ṣe eré Macbeth tí Shakespeare kọ, òun ni ó ṣe Macbeth fúnra rẹ̀, orúkọ náà sì lẹ̀ mọ́ ọn lára títí ayé. Àwọn òbí tí ń sọ fún ọmọ pé kí ó fi ìwé kíkà àti eré sílẹ̀ nítorí pé sáyẹ́ǹsì ni ó ń kọ́, ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi èyí sọ́kàn. Ọmọ tí ó lè há ọ̀rọ̀ gígùn sórí, tí ó sì lè dúró níwájú èrò láìgbọ̀n, kò ní í bẹ̀rù láti ṣàlàyé iṣẹ́ rẹ̀ níwájú àwọn adájọ́ ìdíje.

Ní ayé ìgbà náà, kò sí ìdíje sáyẹ́ǹsì bí a ti mọ̀ ọ́n lónìí. Ìdíje ìṣirò ti gbogbo àgbáyé pàápàá, ọdún 1959 ni ó bẹ̀rẹ̀ ní ilẹ̀ Romania, orílẹ̀-èdè méje péré ni ó sì kópa. Ìdíje tí ó wà fún ọmọ Nàìjíríà ni ìdánwò àṣekágbá girama, níbi tí ọmọ Èkó, ọmọ Gold Coast àti ọmọ Sàró ti ń jókòó sí ìbéèrè kan náà. Ní ọdún 1955, Awójọbí gba ipò tí ó ga jù nínú iṣẹ́ mẹ́jọ. Òkìkí rẹ̀ kàn. Ó lọ sí Nigerian College of Arts, Science and Technology ní Ìbàdàn, ó sì tún tayọ níbẹ̀ nínú fíísíìsì àti nínú ẹ̀ka ìṣirò méjèèjì. Ìjọba àpapọ̀ fún un ní ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́, ó lọ sí ẹ̀ka kọ́lẹ́ẹ̀jì kan náà ní Zaria láti kọ́ ìmọ̀ ẹ̀rọ, ó sì parí ní ọdún 1962 pẹ̀lú oyè onípò kìn-ín-ní ti Yunifásítì Lọ́ńdọ̀nù.

Láti ibẹ̀ ni ó ti lọ sí Imperial College ní Lọ́ńdọ̀nù, ó sì gba oyè ọ̀mọ̀wé ní ọdún 1966. Ó yẹ kí a ṣàlàyé ohun tí ó ṣèwádìí lé lórí, nítorí pé kò jìnnà sí wa. Ẹnikẹ́ni tí ó bá ti dúró nítòsí ẹ̀rọ ìlọta, tàbí ẹ̀rọ tí a fi ń fún epo pupa, yóò ti mọ̀ ọ́n lábẹ́ ẹsẹ̀ pé ilẹ̀ ń gbọ̀n. Bí ẹ̀rọ náà bá tóbi tó ti ilé-iṣẹ́ ńlá, gbígbọ̀n yẹn lè sán ògiri, ó sì lè ba ẹ̀rọ fúnra rẹ̀ jẹ́. Báwo ni ilẹ̀ ṣe ń gba gbígbọ̀n náà? Báwo ni ó ṣe ń tàn kálẹ̀ lábẹ́ ìpìlẹ̀? Báwo ni a ṣe lè fi ìṣirò mọ̀ ọ́n kí a tó gbé ẹ̀rọ kalẹ̀? Òun àti ọ̀mọ̀wé kan tí ń jẹ́ P. Grootenhuis jọ kọ àbájáde iṣẹ́ wọn lórí ọ̀rọ̀ yìí sínú ìwé ìwádìí Royal Society ní ọdún 1965. Ẹgbẹ́ náà ni Isaac Newton ti ṣe ààrẹ rí.

Awójọbí padà sílé láti kọ́ni ní Yunifásítì Èkó, ṣùgbọ́n kò dáwọ́ ìwádìí dúró. Ní ọdún 1974, Yunifásítì Lọ́ńdọ̀nù fún un ní oyè DSc. A kì í jókòó sí ìdánwò fún oyè yìí. Àpapọ̀ iṣẹ́ ìwádìí tí ènìyàn ti ṣe ni a fi ń wọ̀n ọ́n, àwọn tí ó sì ń gbà á kéré níye. A kọ ọ́ sílẹ̀ pé òun ni ọmọ Áfíríkà àkọ́kọ́ tí ó gba oyè náà nínú ẹ̀ka ìmọ̀ ẹ̀rọ yìí ní Imperial College. Kò sì pẹ́ tí ó fi di ọ̀jọ̀gbọ́n ní Èkó.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn ìbá jókòó tẹ́ẹ́rẹ́ lórí irú oyè bẹ́ẹ̀. Awójọbí fẹ́ràn kí ó ti ọwọ́ bọ inú ẹ̀rọ. Ní ọjọ́ 2, oṣù kẹrin, ọdún 1972, tí í ṣe ọjọ́ Àìkú, Nàìjíríà yí ọ̀nà wíwakọ̀ padà. Láti ayé àwọn Òyìnbó Gẹ̀ẹ́sì ni a ti ń wakọ̀ ní apá òsì, nígbà tí gbogbo àwọn orílẹ̀-èdè tí ó yí wa ká ń wakọ̀ ní apá ọ̀tún. Ní ọjọ́ náà àwa pẹ̀lú bọ́ sí apá ọ̀tún. Ṣùgbọ́n àwọn ọkọ̀ tí a ti ní nílẹ̀ ńkọ́? Apá ọ̀tún ni sítíárìn wọn wà, awakọ̀ tí ó bá sì fẹ́ ya ọkọ̀ iwájú sílẹ̀ kò ní lè rí ohun tí ń bọ̀ lókèèrè. Awójọbí mú ọkọ̀ Opel tí òun àti ìdílé rẹ̀ ń lò, ó tú u, ó sì gbé sítíárìn rẹ̀ láti apá ọ̀tún lọ sí apá òsì. Kò dúró de ilé-iṣẹ́ òkèèrè kankan.

Kò pẹ́ tí ó tún mú ọkọ̀ jíìpù bí èyí tí àwọn ológun ń lò, ó fi sítíárìn kejì kún un, ó sì ṣe é tí ọkọ̀ náà fi lè lo gbogbo jíà rẹ̀ bí ó ti ń lọ síwájú àti bí ó ti ń lọ sẹ́yìn. Ó pe ọkọ̀ náà ní Autonov 1. Ẹ ro ohun tí èyí lè ṣe fún ẹni tí ó bá ewu pàdé ní ọ̀nà tóóró, tí kò sí àyè láti yí ọkọ̀ padà! Irú iṣẹ́ báyìí ni à ń retí lọ́wọ́ ọmọ tí ó lọ sí ìdíje. Kí ó rí ìṣòro tí ó wà níwájú gbogbo ènìyàn, kí ó sì béèrè ohun tí ìmọ̀ rẹ̀ lè ṣe sí i.

Ọ̀nà tí gbogbo ìlú fi mọ̀ ọ́n jù ni ti tẹlifíṣọ̀n. Ní àwọn ọdún 1970, òun ni olùdarí ètò ìdíje ọpọlọ tí a ń pè ní Mastermind. Ní àwọn ìlú tí iná mànàmáná ti dé, ilé ẹni tí ó bá ní tẹlifíṣọ̀n ni tọmọdé tàgbà ń péjọ sí, àwọn mìíràn a sì dúró lójú fèrèsé. Fún àwa ọmọ girama ìgbà náà, ohun ìyanu ni láti rí i pé a lè fi ìmọ̀ díje ní gbangba, kí àwọn ènìyàn sì pàtẹ́wọ́ bí ẹni tí ó wà níbi bọ́ọ̀lù.

Ìmọ̀ ìṣirò rẹ̀ tún mú un wọ inú ọ̀rọ̀ ìlú. Ní ìdìbò ààrẹ ti ọdún 1979, òfin sọ pé ẹni tí yóò wọlé gbọ́dọ̀ ní ó kéré tán ìdá kan nínú mẹ́rin ìbò, nínú ìdá méjì nínú mẹ́ta àwọn ìpínlẹ̀. Ìpínlẹ̀ 19 ni a ní nígbà náà. Ìdá méjì nínú mẹ́ta 19 sì jẹ́ 12 pẹ̀lú ìdá méjì nínú mẹ́ta. Ṣé ìpínlẹ̀ 12 àti àbọ̀ sí kan ni èyí túmọ̀ sí, àbí ìpínlẹ̀ 13 odindi? Ilé-ẹjọ́ gíga jù lọ fi ìdí ìbò Alhaji Shehu Shagari múlẹ̀, ṣùgbọ́n Awójọbí kò fara mọ́ ìṣirò náà. Ó sọ ọ́ ní gbangba, ó kọ̀wé lórí rẹ̀ àti lórí ọ̀nà tí a ń gbà ná owó epo rọ̀bì, ó sì gbé ìjọba lọ sí kóòtù. Kò rí ìdáláre tí ó wá. Kì í ṣe iṣẹ́ ìwé àjọ̀dún láti tún ẹjọ́ náà dá. Ohun tí a fẹ́ kí àwọn ọmọ wa rí ni pé ọkùnrin yìí, tí ó ti ń borí láti kékeré, mọ bí a ti í pàdánù láìsí pé ó jáwọ́ nínú ohun tí ó gbà pé ó jẹ́ òtítọ́.

Ní ọjọ́ 23, oṣù kẹsàn-án, ọdún 1984, ọlọ́jọ́ dé. Ẹni ọdún 47 ni. Ó fi aya àti àwọn ọmọ sílẹ̀, ó sì fi àlàfo sílẹ̀ tí kò tí ì dí.

Nísinsin yìí, mo padà sí ọ̀dọ̀ àwọn ọmọ wa àti àwọn tí ń tọ́ wọn. Àwọn ìwà kan ń yọ́ wọ inú ìdíje sáyẹ́ǹsì tí kò yẹ ilé-ẹ̀kọ́ tí a fi orúkọ Kristi pè. Bàbá yóò lọ ra ẹ̀rọ lọ́jà, a ó kọ orúkọ ọmọ sí i, ọmọ náà kò sì lè sọ ohun tí wáyà kan ń ṣe nínú rẹ̀. Olùkọ́ yóò wá ìbéèrè ìdíje kí ọjọ́ tó pé, yóò sì fi kọ́ àwọn ọmọ bí ẹni ń kọ́ ayékòótọ́. Ife lè ti ibẹ̀ wá, ṣùgbọ́n onímọ̀ kì í ti ibẹ̀ jáde. Ọmọ tí a bá jí ẹ̀bùn fún ní girama yóò wá ẹni tí yóò máa jí i fún un títí ayé. Ó sàn kí ilé-ẹ̀kọ́ wa ṣe ipò ogún pẹ̀lú iṣẹ́ ọwọ́ àwọn ọmọ wa ju kí a ṣe ipò kìn-ín-ní pẹ̀lú iṣẹ́ ẹlòmíràn.

Nínú Ìwé Mímọ́, nígbà tí a fẹ́ kọ́ àgọ́ ìpàdé ní aginjù, Ọlọ́run fi Ẹ̀mí rẹ̀ kún Besaleli fún iṣẹ́ wúrà, iṣẹ́ òkúta àti iṣẹ́ igi. Ẹ̀mí kan náà tí ń mú wòlíì sọ̀rọ̀ ni ó mú ọwọ́ oníṣẹ́-ọnà mọ́ṣẹ́. Nítorí náà, ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé yàrá sáyẹ́ǹsì jìnnà sí ilé àdúrà.

Ẹ̀yin ọmọ Ararọ̀mí-Òwu, iṣẹ́ wà nílẹ̀ fún yín. Kòkó tí òjò ń bà jẹ́ níbi tí a sá a sí, ẹ̀rọ tí ń fún epo tí èéfín rẹ̀ ń ba ojú àwọn ìyá wa jẹ́, omi kànga tí a kò mọ bí ó ti mọ́ tó: ìdíje gidi ni gbogbo wọn. Ẹ lọ sí Òṣogbo àti Àbújá, ẹ díje, kí Olúwa sì fún yín ní ìṣẹ́gun. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá padà dé, ẹ wo àyíká yín bí Awójọbí ti wo ọkọ̀ Opel rẹ̀, kí ẹ sì ti ọwọ́ bọ̀ ọ́.

Kí Ọlọ́run bùkún ilé-ẹ̀kọ́ wa, kí ó sì jẹ́ kí ọ̀pọ̀ àjọ̀dún bí èyí tún ṣojú wa. Àmín.