Émile Baudot, ọmọ àgbẹ̀ tí iṣẹ́ rẹ̀ ń ṣàlàyé méga inú íntánẹ́ẹ̀tì wa

Ọ̀rọ̀ méga ti di ọ̀rọ̀ ojoojúmọ́ láàárín wa. Ẹni tó ń ra forfait sórí fóònù ń pè é, ẹni tó ń polówó íntánẹ́ẹ̀tì náà ń pè é. Àmọ́ méga tí a ń rà àti méga tí wọ́n fi ń polówó ìyára kì í ṣe ọ̀kan náà, owó wa ló sì ń bá a lọ tí a kò bá mọ ìyàtọ̀ wọn. Kí ọ̀rọ̀ náà lè yé wa, ẹ jẹ́ ká tẹ̀lé ìgbésí ayé ọkùnrin ará Faransé kan tó ti kú láti ọdún 1903. Émile Baudot ni orúkọ rẹ̀. Kò fojú rí kọ̀ǹpútà, kò gbọ́ orúkọ íntánẹ́ẹ̀tì rí. Síbẹ̀, ohun mẹ́ta ló ń da orí wa rú lónìí: bí wọ́n ṣe ń ka ohun tó ń gba inú wáyà kọjá, bí wọ́n ṣe ń wọ̀n ìyára rẹ̀, àti bí ọ̀pọ̀ èèyàn ṣe ń pín ọ̀nà kan ṣoṣo lò. Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló wà nínú iṣẹ́ tí Baudot ṣe.

Ọmọ oko Magneux

Wọ́n bí Jean-Maurice-Émile Baudot ní ọjọ́ 11 oṣù kẹsàn-án ọdún 1845, ní Magneux, abúlé kan ní Haute-Marne, ní apá ìlà-oòrùn ilẹ̀ Faransé. Àgbẹ̀ ni bàbá rẹ̀, ẹni tó padà di maire abúlé náà. Ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ti abúlé yẹn nìkan ni Émile lọ. Nígbà tó jáde níbẹ̀, oko bàbá rẹ̀ ló bọ́ sí, ó ń roko títí ó fi di géńdé ọkùnrin.

Ní ọdún 1869, ó fi ọkọ́ sílẹ̀, ó sì wọ iṣẹ́ ìjọba ní Administration des Télégraphes. Télégraphe ni ẹ̀rọ tí àwọn bàbá wa ń pè ní wáyà: wọn á ta iná sínú okùn irin níbí, ọ̀rọ̀ á sì dé ìlú míì lójú ẹsẹ̀. Akọ́ṣẹ́ ni wọ́n gbà á sí. Wọ́n kọ́ ọ ní ẹ̀rọ Morse, wọ́n tún kọ́ ọ ní ẹ̀rọ Hughes, èyí tó máa ń tẹ lẹ́tà sórí bébà fúnra rẹ̀. Nígbà tí ogun Faransé àti Prussia bẹ́ sílẹ̀ ní 1870, ó lọ sójú ogun fúngbà díẹ̀. Ní 1872, ó ti padà sẹ́nu iṣẹ́ ní Paris.

Wáyà kan, èèyàn kan

Nígbà yẹn, wáyà kì í ṣe ohun tó pọ̀, nínawó rẹ̀ sì kọjá kékeré. Ẹ ronú òpó tí wọ́n máa rì láti Paris dé Bordeaux, àti okùn irin tí wọ́n máa fà lórí gbogbo wọn. Ṣùgbọ́n bí wáyà náà ṣe wọ́n tó, ẹnì kan ló sábà máa ń lò ó lẹ́ẹ̀kan. Ọwọ́ èèyàn kò sì yá tó iná. Bí òṣìṣẹ́ bá ń wá lẹ́tà tó kàn, wáyà á kàn dákẹ́ ni, kò ní gbé nǹkan kan.

Ẹnì kan tó ń jẹ́ Bernard Meyer ti ṣe ẹ̀rọ kan ṣáájú Baudot, tí òṣìṣẹ́ púpọ̀ fi lè máa gba wáyà kan lò ní títò-títò. Àmọ́ Morse ni wọ́n fi ń kọ ọ̀rọ̀ lórí rẹ̀. Baudot rò ó pé bí òun bá lè so pínpín Meyer pọ̀ mọ́ ẹ̀rọ Hughes tó ń tẹ lẹ́tà, wáyà kan á ṣe iṣẹ́ ọ̀pọ̀ wáyà. Ohun kan ló dínà mọ́ ọn. Nínú Morse, lẹ́tà kò gùn bákan náà. E kúrú, àmì kan péré ni. Q gùn, àmì mẹ́rin ni. Bí gbogbo òṣìṣẹ́ bá ní ìgbà kan náà láti lò, lẹ́tà gbọ́dọ̀ gùn dọ́gba.

Ohun tí Baudot ṣe ni pé ó fún lẹ́tà kọ̀ọ̀kan ní àmì márùn-ún, kò lé, kò dín. Kì í ṣe òun ló kọ́kọ́ ronú àmì márùn-ún, nítorí pé Gauss àti Weber ní Jámánì ti lo irú rẹ̀. Òun ló wá fi í sínú ẹ̀rọ tó ń ṣiṣẹ́ lójoojúmọ́. Àmì kọ̀ọ̀kan jẹ́ ọ̀kan nínú méjì: bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́, bí àtùpà tó tàn tàbí tí kò tàn. Àtùpà kan lè sọ ohun 2. Àtùpà méjì lè sọ ohun 4, mẹ́ta lè sọ 8, mẹ́rin lè sọ 16, márùn-ún á sì sọ 32. Ohun 32 tó fún a, b, d. Ó tún ya àmì kan sọ́tọ̀ tó ń sọ fún ẹ̀rọ pé nọ́ńbà ló kù tó ń bọ̀, kì í ṣe lẹ́tà mọ́. Ó gba ìwé ẹ̀tọ́ olùdásílẹ̀ lórí ẹ̀rọ yìí ní ọjọ́ 17 oṣù kẹfà ọdún 1874.

Bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́ kan ṣoṣo yẹn ni ohun tí ayé ń pè ní bit lónìí. Baudot kò mọ orúkọ yẹn. Ọdún 1948 ni Claude Shannon, ará Amẹ́ríkà, gbé e jáde nínú ìwé rẹ̀, ó sì ní John Tukey ló sọ ọ́ lórúkọ. Lẹ́tà Baudot jẹ́ bit 5. Àwọn kọ̀ǹpútà tó dé lẹ́yìn rẹ̀ wá ń kó bit 8 pọ̀ sójú kan, ìdì bit 8 yẹn ni Faransé ń pè ní octet.

Ìka márùn-ún àti wáyà tó ń gbé mẹ́rin

Ẹ̀rọ Baudot ní bọ́tìnì 5 péré: 2 fún ọwọ́ òsì, 3 fún ọwọ́ ọ̀tún. Òṣìṣẹ́ gbọ́dọ̀ mọ lẹ́tà kọ̀ọ̀kan sórí, kó sì tẹ̀ ẹ́ lásìkò. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ẹ̀rọ kan ń yí po, ó ń fún oníkálukú ní ìgbà tirẹ̀ lórí wáyà. Bó bá ti ń kan òṣìṣẹ́ kan, ẹ̀rọ á dún kẹ́. Bí kò bá ti tẹ lẹ́tà rẹ̀ kí ìgbà náà tó kọjá, lẹ́tà yẹn bàjẹ́ nìyẹn. Ẹ̀rọ tó wà ní Paris àti èyí tó wà ní Bordeaux gbọ́dọ̀ máa yí pọ̀ láìyẹsẹ̀, bíi onílù méjì tó ń lu ìlù kan náà. Nítorí náà, apá kan nínú yíyí kọ̀ọ̀kan ni wọ́n fi sílẹ̀ fún mímú àwọn ẹ̀rọ méjèèjì dọ́gba. Apá yẹn kò gbé lẹ́tà ẹnikẹ́ni.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò. Òṣìṣẹ́ Baudot máa ń tẹ nǹkan bí ọ̀rọ̀ 30 láàárín ìṣẹ́jú kan, ìyẹn lẹ́tà 180. Lẹ́tà 180 ní ìṣẹ́jú kan jẹ́ lẹ́tà 3 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Lẹ́tà kọ̀ọ̀kan jẹ́ bit 5, nítorí náà bit 15 ní ìṣẹ́jú àáyá kan nìyẹn. Bí òṣìṣẹ́ mẹ́rin bá ń pín wáyà náà, gbogbo wọn pọ̀ jẹ́ bit 60.

Ẹ wò ó dáadáa. Ẹni tó fẹ́ fi wáyà náà yangàn á ní 60 ló ń gbé. Òṣìṣẹ́ tó jókòó ní ẹ̀gbẹ́ kan á ní 15 ló kan òun. Ẹni tó ń dúró de létà rẹ̀ á ní lẹ́tà 3 péré ni òun ń rí. Wáyà kan náà ni, nọ́ńbà mẹ́ta ni, kò sì sí irọ́ nínú ìkankan. Ohun tí wọ́n kà ló yàtọ̀.

Góòlù tó tà

Ní ọjọ́ 12 oṣù kọkànlá ọdún 1877, wọ́n dán ẹ̀rọ náà wò láàárín Paris àti Bordeaux. Ó ṣiṣẹ́. Kò pẹ́, wọ́n gbé e sórí ọ̀nà Paris sí Rome. Ní Exposition Universelle ti 1878 ní Paris, wọ́n fún ọmọ àgbẹ̀ Magneux ní àmì-ẹ̀yẹ wúrà.

Àmọ́ iyì kì í bọ́ ilé. Níbẹ̀rẹ̀, ibi iṣẹ́ rẹ̀ kò fún un lówó láti fi ṣe ìwádìí náà. Owó ara rẹ̀ ló ń ná. Ní 1880, ó ta àmì-ẹ̀yẹ wúrà yẹn kó lè rí owó tẹ̀síwájú. Wàhálà kan tún bá a: ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kan, Louis Mimault, ní òun ló ni apá kan nínú iṣẹ́ náà, wọ́n sì fa ọ̀rọ̀ yẹn títí. Ara Baudot náà kò le, àìsàn máa ń dá a dúró lẹ́nu iṣẹ́ fún ìgbà pípẹ́. Ó gbéyàwó ní 1890, oṣù mẹ́ta péré lẹ́yìn náà, ìyàwó rẹ̀ kú.

Iṣẹ́ rẹ̀ kò dúró. Ní 1897, ilé ìfìwéránṣẹ́ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì gba ẹ̀rọ náà fún ọ̀nà London sí Paris. Baudot kú ní Sceaux, lẹ́bàá Paris, ní ọjọ́ 28 oṣù kẹta ọdún 1903. Ọmọ ọdún 57 ni.

Ní àwọn ọdún 1920, àwọn onímọ̀ wáyà fi orúkọ rẹ̀ sọ òṣùwọ̀n kan, baud. Baud ń ka iye ìgbà tí àmì inú wáyà ń yí padà ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Lórí ẹ̀rọ Baudot, àmì kan jẹ́ bit kan, nítorí náà baud 15 jẹ́ bit 15. Nígbà tó yá, wọ́n rí ọgbọ́n kan dá láti di bit mẹ́rin sínú àmì kan, tí modem tó ń lo baud 2 400 fi ń gbé bit 9 600. Látìgbà yẹn, bit ni àwọn oníṣòwò ń pè, wọ́n fi baud sílẹ̀.

Ohun tó kàn wá níbẹ̀

Ẹ̀kọ́ kìíní: ẹ wo lẹ́tà tó tẹ̀lé méga. Mb/s inú ìpolówó ń ka bit. Mo inú forfait ń ka octet. Tí fóònù bá wà ní èdè Gẹ̀ẹ́sì, MB tó ní B ńlá náà ni Mo. Ẹ fi 8 pín nọ́ńbà ìpolówó kẹ́ ẹ tó gbà á gbọ́. Ìyára 8 Mb/s jẹ́ 1 Mo ní ìṣẹ́jú àáyá kan. 100 Mb/s jẹ́ 12,5 Mo. Fíìmù tó jẹ́ 700 Mo kò ní dé láàárín ìṣẹ́jú kan ààbọ̀ lórí 8 Mb/s bí èèyàn ṣe lè rò. Ó máa tó ìṣẹ́jú 12. Ẹ wá yí ìṣirò náà padà, torí ibẹ̀ ni owó wà: forfait 1 Go jẹ́ 1 000 Mo. Tí 8 Mb/s bá ń sáré láìdúró, ìṣẹ́jú 17 kò ní pé kó tó tán. Ẹni tó ń pariwo pé wọ́n jí forfait òun, ó lè jẹ́ fídíò tó ń ṣí fúnra rẹ̀ ló jẹ ẹ́ tán.

Ẹ̀kọ́ kejì: ọ̀nà àpapọ̀ ni. Òpó réseau tó wà létí abúlé, bíi wáyà Baudot ló rí, gbogbo wa la jọ ń pín in. Ìyàtọ̀ kan wà o. Lórí ẹ̀rọ Baudot, ìgbà oníkálukú dúró fún un, bóyá ó ní lẹ́tà tàbí kò ní. Lóde òní, ẹni tó bá ń béèrè ni wọ́n ń pín in fún. Ìdí nìyẹn tó fi ń yá lóru, tó sì ń fà nígbà tí gbogbo ilé bá jẹun alẹ́ tán tí wọ́n gbé fóònù. Jusqu'à tí wọ́n kọ ní kékeré sẹ́gbẹ̀ẹ́ nọ́ńbà ńlá, ohun tó ń sọ ni pé ibi tó lè dé nìyẹn, kì í ṣe ibi tí wọ́n ṣèlérí pé ó máa dé.

Ẹ̀kọ́ kẹta: díẹ̀ nínú ohun tó ń kọjá kì í ṣe tiwa. Bí wọ́n ṣe fi apá kan sílẹ̀ kí Paris àti Bordeaux lè máa yí dọ́gba, bẹ́ẹ̀ náà ni àwọn ẹ̀rọ òní ń lo bit díẹ̀ láti mọ ibi tí ọ̀rọ̀ ń lọ àti láti yẹ̀ ẹ́ wò bóyá ó dé pé.

Nítorí náà, bí ẹnikẹ́ni bá wá ta íntánẹ́ẹ̀tì fún yín, fún ilé, fún ṣọ́ọ̀bù tàbí fún ilé ẹ̀kọ́ àwọn ọmọ, ìbéèrè mẹ́ta ni kẹ́ ẹ bi í. Ṣé bit ni àbí octet? Èèyàn mélòó la jọ máa pín in? Mélòó ni kò ní wá sílẹ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ ní aago mẹ́jọ alẹ́? Ẹ ní kó kọ ìdáhùn rẹ̀ sórí ìwé.

Ká má sì gbàgbé ibi tí a ti bọ̀. Orin kan tó jẹ́ 4 Mo, tí fóònù wa ń gbà kí omi tó hó, jẹ́ mílíọ̀nù bit 32. Òṣìṣẹ́ kan nídìí ẹ̀rọ Baudot ì bá fi ìka márùn-ún tẹ̀ ẹ́ fún ọjọ́ tó lé ní 24, tọ̀sán tòru, láìsùn láìjẹun.