Ọmọ ọdún 15 ní Morehouse: bí Martin Luther King ṣe wọ kọ́lẹ́ẹ̀jì láì parí girama

Nínú oṣù kẹsàn-án ọdún 1944 ni ọmọkùnrin ọmọ ọdún 15 kan bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ní Morehouse College, ilé-ẹ̀kọ́ gíga àwọn ọkùnrin aláwọ̀ dúdú ní ìlú Atlanta, ìpínlẹ̀ Georgia, lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà. Kò ṣe kíláàsì kejìlá tí wọ́n fi ń parí girama níbí, bẹ́ẹ̀ ni kò ṣe kíláàsì kẹsàn-án. Kíláàsì méjì ló fò. M. L. ni wọ́n ń pè é nílé. Orúkọ tí ayé fi mọ̀ ọ́n ni Martin Luther King.

Àwa ọmọ Yorùbá tó wà lókè òkun fẹ́ràn irú ìtàn báyìí. Bí a bá pàdé níbi àpèjẹ, ẹ ó rí ìyá kan tí yóò máa ròyìn pé ọmọ òun fo kíláàsì, pé yóò wọ yunifásítì kó tó pé ọdún 17. Ìdí nìyẹn tí mo fi fẹ́ kí a wo ti King yìí dáadáa.

Ọjọ́ 15, oṣù kìíní, ọdún 1929 ni wọ́n bí i, nínú ilé bàbá ìyá rẹ̀ ní Auburn Avenue. Michael ni wọ́n kọ́kọ́ sọ ọ́, bí orúkọ bàbá rẹ̀. Nígbà tó yá ni bàbá yí orúkọ àwọn méjèèjì padà sí Martin Luther. Pásítọ̀ ìjọ Onítẹ̀bọmi ti Ebenezer ni bàbá náà, bàbá ìyá rẹ̀ ló sì wà nípò yẹn ṣáájú. Àwọn méjèèjì ló kàwé ní Morehouse. Kì í ṣe ibi àjèjì ni ọmọ náà ń lọ.

Kò sí idán nínú bó ṣe fo àwọn kíláàsì náà. Ilé-ẹ̀kọ́ kan tó wà lábẹ́ Yunifásítì Atlanta ló ń lọ tẹ́lẹ̀. Nígbà tí wọ́n tì í pa lọ́dún 1942, ó kọjá sí Booker T. Washington, ilé-ẹ̀kọ́ girama ìjọba àkọ́kọ́ fún àwọn aláwọ̀ dúdú ní Atlanta, ó sì bọ́ sí kíláàsì kẹwàá lọ́mọ ọdún 13. Ti ẹlẹ́ẹ̀kejì, ogun ló fà á. Ogun Àgbáyé Kejì ti kó àwọn ọ̀dọ́kùnrin lọ, akẹ́kọ̀ọ́ Morehouse sì ti dínkù gidigidi. Ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ náà, Benjamin Mays, wá ṣílẹ̀kùn fún àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ parí kíláàsì kọkànlá pé kí wọ́n wá ṣe ìdánwò ìgbàwọlé. King ṣe é, ó yege. Ká sọ òótọ́, àga tó ṣófo ló pè é, bí ọpọlọ rẹ̀ náà ṣe pè é.

Ní oṣù kẹrin ọdún yẹn, kó tó wọlé, ó lọ díje nínú ọ̀rọ̀ sísọ ní Dublin, ìlú kan ní Georgia náà. Òfin ilẹ̀ Amẹ́ríkà àti ẹ̀tọ́ aláwọ̀ dúdú ló sọ̀rọ̀ lé lórí. Nígbà tí òun àti olùkọ́ rẹ̀ ń padà bọ̀ nínú bọ́ọ̀sì lálẹ́, awakọ̀ ní kí wọ́n dìde fún àwọn aláwọ̀ funfun. Ọmọ náà fẹ́ kọ̀. Olùkọ́ ló bẹ̀ ẹ́, wọ́n sì wà lórí ìdúró títí ilẹ̀ fi jìn. Ó sọ lẹ́yìn náà pé inú kò bí òun tó bẹ́ẹ̀ rí.

Nígbà ìsinmi ọlọ́jọ́ gbọọrọ, òun àti àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Morehouse kan lọ ṣiṣẹ́ lóko tábà ní Simsbury, ìpínlẹ̀ Connecticut, kí wọ́n lè rí owó ilé-ìwé. Nínú lẹ́tà tó ń kọ sílé, ohun tó yà á lẹ́nu ni pé ibi tó wù ú ló ti lè jókòó jẹun, òun àti aláwọ̀ funfun sì jọ wà nínú ṣọ́ọ̀ṣì kan náà. Nígbà tó ń darí bọ̀, bí ọkọ̀ ojú irin ṣe fi Washington sílẹ̀ báyìí, ó di dandan kó bọ́ sí ibi tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún àwọn dúdú. Láti ibẹ̀ ló ti lọ jókòó ní kíláàsì kọ́lẹ́ẹ̀jì.

Iṣẹ́ kíláàsì sì le. King fúnra rẹ̀ jẹ́wọ́ nígbà tó dàgbà pé bí ọmọ kíláàsì kẹjọ ni òun ṣe ń ka ìwé nígbà tí òun dé Morehouse. Máàkì rẹ̀ kò yàtọ̀ sí ti ẹni tó wà láàárín, títí tó fi jáde.

Mo mọ díẹ̀ nínú èyí. Ọmọ ọdún 16 ni mo wọ yunifásítì, ìyá mi sì ti sọ fún gbogbo ṣọ́ọ̀ṣì. Iṣẹ́ àkọ́kọ́ tí mo kọ padà sí mi lọ́wọ́ pẹ̀lú yíǹkì pupa láti òkè dé ìsàlẹ̀. N kò sọ fún ẹnikẹ́ni nílé.

Èrò tèmi ni pé ohun tó gbé King ró ni pé kò dá wà. Ilé àwọn òbí rẹ̀ ló ń gbé, ibẹ̀ ló sì ti ń lọ sí kíláàsì. Christine, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, ń kàwé ní Spelman, ilé-ẹ̀kọ́ àwọn obìnrin tó wà nítòsí Morehouse. Ọdún kan náà ni àwọn méjèèjì gboyè. Láàárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun, Mays máa ń bá gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ sọ̀rọ̀ nínú ilé ìjọsìn, King a sì dúró lẹ́yìn náà láti bá a jiyàn. Bàbá rẹ̀ fẹ́ kó di pásítọ̀, òun sì ń sá fún un, nítorí ariwo àti àtẹ́wọ́ inú ìjọ ń tì í lójú. Dókítà ló kọ́kọ́ fẹ́ dà, lẹ́yìn náà lọ́yà. Lára Mays àti George Kelsey, tó kọ́ ọ ní ẹ̀kọ́ ẹ̀sìn, ló ti rí i pé èèyàn lè jẹ́ pásítọ̀ kó sì jẹ́ onírònú. Ní oṣù kejì ọdún 1948 wọ́n fi í joyè àlùfáà ní Ebenezer. Ní oṣù kẹfà ó gboyè nínú ìmọ̀ nípa àwùjọ ẹ̀dá, ọmọ ọdún 19.

Ó lọ sí Crozer ní Pennsylvania, níbi tí ọ̀gá ọ̀rọ̀ yìí ti gba C nínú ẹ̀kọ́ ọ̀rọ̀ sísọ! Ṣùgbọ́n òun ló ṣe ipò kìíní nígbà tó ń jáde lọ́dún 1951. Yunifásítì Boston fún un ní oyè ọ̀mọ̀wé lọ́dún 1955, nínú oṣù kejìlá ọdún yẹn ló sì di olórí àwọn tó kọ bọ́ọ̀sì sílẹ̀ ní Montgomery fún ọjọ́ 381. Ọmọ ọdún 26 péré ni. Ní oṣù kọkànlá ọdún 1960 ó wá sí Èkó fún ìbúra Nnamdi Azikiwe gẹ́gẹ́ bí Gómìnà Àgbà Nàìjíríà. Lọ́dún 1964 ló gba ẹ̀bùn Nobel fún àlàáfíà.

Òun àti Mays ti jọ ṣàdéhùn pé ẹni tó bá kẹ́yìn ni yóò sọ̀rọ̀ níbi òkú ẹnì kejì. Mays fi ọdún tó lé ní 30 jù ú lọ. Ní ọjọ́ 4, oṣù kẹrin, ọdún 1968, wọ́n yìnbọn pa King ní Memphis, ọmọ ọdún 39. Lọ́jọ́ 9, ìbaaka méjì fa kẹ̀kẹ́ ẹrù tí wọ́n gbé pósí rẹ̀ lé láti Ebenezer, gba ìgboro Atlanta kọjá, dé ọgbà Morehouse. Mays, tó ti fẹ̀yìn tì lọ́dún tó ṣáájú, ló dìde sọ̀rọ̀.