Ramseyer: Ẹni Tó Padà Sọ́dọ̀ Àwọn Tó Mú Un Nígbèkùn

Ẹni tó ń tajà ní Adum yóò mọ ṣọ́ọ̀ṣì Presbyterian tí wọ́n ń pè ní Ramseyer. Ṣùgbọ́n bí a bá bi àwọn ọmọ wa pé ta ni Ramseyer, ṣe ni wọ́n á máa họrí. Ìdí nìyí tí a fi kọ nípa rẹ̀ sínú ìwé ọdún yìí, pàápàá nítorí ọ̀rọ̀ kan tó ń fa awuyewuye ní ìpàdé wa. A mọ̀ pé Mùsùlùmí pọ̀ nínú ẹgbẹ́ wa. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá wa fara dà á bí a bá ń sọ̀rọ̀ bí onígbàgbọ́.

Ìlú Neuchâtel ní Switzerland ni wọ́n ti bí Fritz Ramseyer ní ọdún 1840. Míṣọ́n Basel ló rán an wá sí Gold Coast ní 1864. Ní oṣù kẹfà ọdún 1869, òun, Rosa ìyàwó rẹ̀, àti ọmọkùnrin wọn wà ní Anum, ní òdìkejì odò Volta, nígbà tí àwọn ọmọ ogun Àṣáńtì tí Adu Bofo jẹ́ olórí wọn dé. Wọ́n mú wọn, wọ́n mú Kühne tó ń bójú tó òwò míṣọ́n náà mọ́ wọn. Wọ́n ń fẹsẹ̀ rìn nínú igbó, oúnjẹ ṣọ̀wọ́n, wàrà ọmọ kò sí. Ọmọ náà kú ní oṣù kẹjọ. Kò tíì pé ọdún kan.

Ẹni tó ti sin ọmọ rí mọ ohun tí à ń sọ. Bí ẹnì kan bá bú wa lọ́jà lásán, ọdún mẹ́ta lè kọjá kí a tó kí i. Ti Ramseyer kì í ṣe ọ̀rọ̀ èébú.

Ó lé ní ọdún mẹ́rin àbọ̀ tí wọ́n fi wà nígbèkùn, èyí tó pọ̀ jù ní Kumasi yìí. Ọba Kofi Karikari a máa fún wọn ní oúnjẹ àti wúrà nígbà mìíràn, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ owó ìtúsílẹ̀ wọn kò lójú: bí wọ́n bá ní ó ti parí, yóò tún dàrú. Nínú ìgbèkùn yìí ni Rosa ti bí ọmọbìnrin kan. Oṣù kìíní ọdún 1874, nígbà tí ogun Wolseley ti sún mọ́ ìlú, ni wọ́n tó fi wọ́n sílẹ̀.

Ta ni ì bá dá a lẹ́bi bí ó bá lọ láìwẹ̀yìn? Ó lọ sinmi lóòótọ́, ó sì kọ ìyà tí wọ́n jẹ sínú ìwé tó jáde ní 1875. Kò díbọ́n pé kò dun òun. Síbẹ̀ ní 1876 ó ti padà dé, ó dá ibùdó sílẹ̀ ní Abetifi ní ilẹ̀ Kwahu, ojú rẹ̀ sì wà ní ọ̀nà Kumasi. Ogún ọdún ló fi dúró. Ní 1896 ó wọ Kumasi, ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ìjọ láàárín àwọn tó mọ̀ ọ́n nígbà tó jẹ́ ẹlẹ́wọ̀n wọn. Ogun Yaa Asantewaa tún dé ní 1900: wọ́n há mọ́ inú odi tó ti di ilé ìṣẹ̀ǹbáyé àwọn ológun báyìí, ebi pa wọ́n, wọ́n sì bá Gómìnà sá jáde ní ọjọ́ 23 oṣù kẹfà. Ọ̀pọ̀ ló kú lójú ọ̀nà. Nígbà tí ogun rọlẹ̀, ó tún padà, kò sì fi Gold Coast sílẹ̀ títí di 1908. Ó kú ní 1914.

A kò sọ pé áńgẹ́lì ni. Ó fẹ́ kí Gẹ̀ẹ́sì gba Àṣáńtì, inú rẹ̀ sì dùn sí i nígbà tí wọ́n mú Prempeh lọ. Ọmọ Àṣáńtì tó bínú sí i lórí èyí kò jẹ̀bi. Àwa tí a mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí Ìjẹ̀bú ní 1892 kọ́ ni yóò bá a jiyàn.

Ṣùgbọ́n ti pípadà yẹn kàn wá. Ní oṣù kọkànlá ọdún 1969, ọ̀sẹ̀ méjì péré ni òfin Busia fún àwọn òbí wa. Ṣọ́ọ̀bù, ilé, gbèsè ọwọ́ àwọn oníbàárà, gbogbo rẹ̀ ni wọ́n fi sílẹ̀. Ní oṣù kìíní ọdún 1983, ìjọba Shagari náà lé àwọn ará Gánà kúrò ní Nàìjíríà. Síbẹ̀ àwọn òbí wa kan padà wá sí Kumasi, wọ́n tún ń tajà fún àwọn aládùúgbò àtijọ́, títí kan àwọn tó sọ pé àwọn kò rí ẹrù kankan. Bí wọ́n bá ní kí wọ́n rántí ọ̀rọ̀ àná, wọn ì bá má rẹ́ni bá ṣeré.

Nísinsìnyí, àwọn kan wà nínú wa tí wọn kò san owó oṣù mọ́, tí wọ́n bú àwọn olóyè ẹgbẹ́ níwájú àlejò. Àìsàn ti dá méjì gúnlẹ̀ nínú wọn. Àwọn kan ní kí a pa orúkọ wọn rẹ́, kí ẹnikẹ́ni má yọjú sí wọn. Àwa kò gbà. Gbèsè wọn kò kúrò nínú ìwé, èébú náà dùn wá, a ó sì sọ ọ́ fún wọn nígbà tí ara wọn bá yá. Ṣùgbọ́n a ó lọ kí wọn, a ó sì gbé nǹkan dání. Adé ilé wọn wà lọ́wọ́ akọ̀wé. Ẹni tó bá fẹ́ bá wa lọ, kí ó dúró lẹ́yìn ìpàdé oṣù tó ń bọ̀.