Ìyálóde Ẹfúnṣetán Aníwúrà: Obìnrin tí Ó ń Pèsè fún Ogun

Nígbà tí àwọn àgbà bá ń ròyìn ogun ayé àtijọ́, orúkọ àwọn balógun ni wọ́n sábà máa ń dá. Ṣùgbọ́n ogun kì í lọ lọ́wọ́ òfo. Ẹnìkan ni yóò pèsè ìbọn, ẹ̀tù àti oúnjẹ, lọ́pọ̀ ìgbà obìnrin sì ni ẹni náà. Ní Ìbàdàn, tí ogun rẹ̀ ràn dé ilẹ̀ Èkìtì tí kò jìnnà sí wa, ẹni tí òkìkí rẹ̀ kàn jù nínú irú obìnrin bẹ́ẹ̀ ni Ẹfúnṣetán Aníwúrà. Ó yẹ kí ọmọ Ìsìkàn mọ ìtàn rẹ̀.

Ọmọ Ẹ̀gbá Òkè-Ọnà ni; Ògúnrìn ni bàbá rẹ̀. Òwò ni ó sọ ọ́ di ẹni ńlá ní Ìbàdàn. Ó ta tábà, aṣọ kíjìpá àti ohun ìjà, òwò rẹ̀ sì dé etí òkun. Ó ní oko ńláńlá, ẹrú sì kún inú wọn. Lẹ́yìn Ìyáọlá ni ó jẹ oyè Ìyálóde.

Oyè yìí kì í ṣe ti ọjà nìkan. Bí ogun bá dé, a máa fi ìbọn lé àwọn ẹrú rẹ̀ lọ́wọ́, a sì rán wọn lọ ojú ogun. A tún máa fún àwọn ìjòyè ní ẹ̀tù àti ọta ní àwìn, kí wọ́n lè san án nígbà tí wọ́n bá ti ogun bọ̀. Ogun ń pọ̀ sí i, gbèsè náà sì ń ga sí i.

Ní ọdún 1860, ọmọbìnrin kan ṣoṣo tí ó bí kú lórí ìkúnlẹ̀. Láti ìgbà náà ni ọkàn rẹ̀ ti le, ó sì ń hùwà ìkà sí àwọn ẹrú rẹ̀. Ẹ̀bi yìí kò ṣeé bò mọ́lẹ̀.

Nígbà tí Látòósà di Ààrẹ Ọ̀nà Kakaǹfò, Ẹfúnṣetán kọ̀ láti máa tú àwìn sílẹ̀ mọ́. Ẹ̀sùn mẹ́ta ni Ààrẹ fi kàn án: pé kò bá òun lọ sógun, pé kò fi ohun èlò ránṣẹ́, àti pé kò wá kí òun káàbọ̀. Ní ọjọ́ kìíní oṣù May, ọdún 1874, wọ́n rọ̀ ọ́ lóyè, bí ó tilẹ̀ san owó ìtanràn. Wọ́n fi owó fa ojú Kúmúyìlọ́, ọmọ tí ó gbà tọ́. Ní òru ọjọ́ kan nínú ọdún náà, ẹrú rẹ̀ méjì pa á.

Ẹ̀yin ará, ẹgbẹ́ ìlú pẹ̀lú kì í ṣiṣẹ́ lọ́wọ́ òfo. Owó àwọn ìyá wa lọ́jà wà nínú iṣẹ́ ìlú gbogbo. Ẹ jẹ́ kí a máa san ohun tí a yá lọ́wọ́ wọn, kí a máa ṣírò owó fún wọn, kí a má sì sọ ẹni tí ó béèrè owó rẹ̀ di ọ̀tá ìlú.