Ignaz Semmelweis, dókítà tí ó ní kí àwọn oníṣègùn máa fọ ọwọ́

Ìlú Buda, ní ilẹ̀ Húngárì, ni a bí Ignaz Semmelweis sí ní ọjọ́ 1 oṣù keje ọdún 1818. Lónìí, Buda ti di apá kan ìlú Budapest. Oníṣòwò ni bàbá rẹ̀. Ní ọdún 1837, Ignaz lọ sí Vienna, olú-ìlú Ọ́stríà, láti kọ́ ìmọ̀ òfin. Kò pẹ́ tí ó fi òfin sílẹ̀, tí ó sì bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ìṣègùn. Ó di dókítà ní ọdún 1844, ó sì yan iṣẹ́ ìgbẹ̀bí.

Ní oṣù keje ọdún 1846, ó di olùrànlọ́wọ́ fún Ọ̀jọ̀gbọ́n Johann Klein ní ilé ìgbẹ̀bí ti ilé ìwòsàn ńlá Vienna. Ẹ̀ka méjì ni ilé ìgbẹ̀bí náà ní. Ní ẹ̀ka kìíní, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn ni ó ń kọ́ṣẹ́. Ní ẹ̀ka kejì, àwọn agbẹ̀bí ni ó ń kọ́ṣẹ́. Ọjọ́ tí aboyún bá dé ni a fi ń mọ ẹ̀ka tí yóò wọ̀.

Ibà burúkú kan wà nígbà náà tí ó máa ń mú obìnrin lẹ́yìn ìbímọ, tí ó sì ń pa wọ́n láàárín ọjọ́ díẹ̀. Ní ọdún 1846, nínú obìnrin 4010 tí ó bímọ ní ẹ̀ka kìíní, 459 ni ó kú. Nínú 3754 tí ó bímọ ní ẹ̀ka kejì, 105 ni ó kú. Bí a bá kó 100 obìnrin jọ, ó ju 11 lọ tí ó ń kú ní ẹ̀ka kìíní. Ní ẹ̀ka kejì, wọn kò pé 3. Àwọn aboyún mọ̀ bẹ́ẹ̀. Wọ́n a máa kúnlẹ̀, wọ́n a máa sunkún, wọ́n a sì máa bẹ̀bẹ̀ pé kí a má ṣe gbé wọn lọ sí ẹ̀ka kìíní. Kódà, àwọn tí ó bímọ sójú ọ̀nà kí wọ́n tó dé ilé ìwòsàn kì í sábà kó ibà náà.

Àwọn àgbà oníṣègùn ní afẹ́fẹ́ búburú ni ó fà á. Ọ̀rọ̀ yìí kò tẹ́ Semmelweis lọ́rùn, nítorí afẹ́fẹ́ kan náà ni ẹ̀ka méjèèjì ń mí. Ó wò ó bóyá èrò pọ̀ jù ni: ẹ̀ka kejì gan-an ni èrò pọ̀ sí jù. Ó yí bí a ṣe ń tẹ́ àwọn obìnrin sílẹ̀ fún ìbímọ padà: ikú kò dínkù.

Ní oṣù kẹta ọdún 1847, ọ̀rẹ́ rẹ̀, Ọ̀jọ̀gbọ́n Jakob Kolletschka, kú. Níbi tí wọ́n ti ń la òkú láti fi kọ́ni, ọ̀bẹ akẹ́kọ̀ọ́ kan gún un níka. Nígbà tí Semmelweis ka ohun tí a rí nínú ara ọ̀rẹ́ rẹ̀, ó rí i pé àmì àìsàn àwọn ọlọ́mọ tuntun ni. Ìgbà náà ni ọ̀rọ̀ yé e. Láti ibi òkú ni àwọn dókítà àti akẹ́kọ̀ọ́ ti ń lọ yẹ aboyún wò. Ọṣẹ nìkan ni wọ́n fi ń fọwọ́, òórùn òkú kì í sì í kúrò níbẹ̀. Àwọn agbẹ̀bí ní tiwọn kì í la òkú.

Ní oṣù karùn-ún ọdún 1847, ó pàṣẹ pé kí oníṣègùn kankan má ṣe fọwọ́ kan aboyún láìjẹ́ pé ó kọ́kọ́ fi omi oní-kilorini fọwọ́. Irú èròjà tí ó wà nínú omi Javel tí àwa náà mọ̀ nìyẹn. Ní oṣù kẹrin, ó ju 18 lọ nínú 100 tí ó kú. Ní oṣù kẹfà, ó ju 2 lọ díẹ̀. Ní oṣù kẹwàá, wọ́n yẹ obìnrin kan tí àrùn jẹjẹrẹ wà ní ilé ọmọ rẹ̀ wò, ọṣẹ lásán ni wọ́n sì fi fọwọ́ kí wọ́n tó kan àwọn yòókù. Nínú obìnrin 12, 11 ni ó kú. Semmelweis wá mọ̀ pé ara alààyè náà lè ranni. Láti ìgbà náà, ó ní kí a máa fọwọ́ láti orí aláìsàn kan sí èkejì. Ní ọdún 1848, nínú obìnrin 3556, 45 péré ni ó kú ní ẹ̀ka kìíní.

Òótọ́ ọ̀rọ̀ korò. Ọ̀pọ̀ dókítà kò fẹ́ gbọ́ pé ọwọ́ tí ó ń wo ni sàn ni ó ń gbé ikú wá. Ní ọdún 1849, wọn kò tún iṣẹ́ rẹ̀ ṣe fún un. Ó padà sí ilẹ̀ rẹ̀ ní ọdún 1850. Ní ilé ìwòsàn Szent Rókus ní ìlú Pest, láti ọdún 1851 dé 1857, obìnrin 933 ni ó bímọ. 8 péré ni ibà náà pa. Ṣùgbọ́n ó pẹ́ kí ó tó kọ ìwé rẹ̀. Ọdún 1861 ni ó jáde. Ó tún kọ lẹ́tà líle sí àwọn tí kò gbà á gbọ́, ó pè wọ́n ní apànìyàn. Èyí sọ ọ̀tá rẹ̀ di púpọ̀.

Ní ọdún 1865, ọkàn rẹ̀ dàrú, wọ́n sì mú un lọ sí ilé àwọn aláìsàn ọpọlọ ní Vienna. Àwọn ẹ̀ṣọ́ ibẹ̀ lù ú. Egbò ara rẹ̀ rà, oró rẹ̀ sì wọ inú ẹ̀jẹ̀. Ó kú ní ọjọ́ 13 oṣù kẹjọ, ní ẹni ọdún 47. Ní ọdún 1879, Louis Pasteur ti ilẹ̀ Faransé fi kòkòrò àìfojúrí tí ó ń fa ibà náà han àwọn oníṣègùn. Lónìí, orúkọ Semmelweis ni yunifásítì ìṣègùn Budapest ń jẹ́.

A máa ń gbàdúrà fún aboyún pé kí a gbọ́ ohùn ìyá, kí a gbọ́ ohùn ọmọ. Àdúrà dára, ṣùgbọ́n omi àti ọṣẹ gbọ́dọ̀ wà pẹ̀lú rẹ̀. Bí a bá sin aya, ọmọ tàbí àbúrò wa lọ sí ilé ìgbẹ̀bí, ẹ jẹ́ kí a wò ó bóyá omi wà níbẹ̀, bóyá agbẹ̀bí fọwọ́, bóyá ó wọ ìbọ̀wọ́ tuntun. Bí a kò bá rí i, kí a fi ọ̀wọ̀ béèrè. Ìbéèrè yìí kì í ṣe àrífín: ẹ̀tọ́ ìyá àti ọmọ ni.