GEORGE DE HEVESY: ẸNI TÓ TỌPASẸ̀ ÒÒGÙN NÍNÚ ARA

Ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ wa, bí aláìsàn bá gba òògùn tán, ta ló mọ ibi tó gbà lọ? Òògùn jẹjẹrẹ le. Ó lè mú kí irun re, ó lè fa èébì, síbẹ̀ kí ó má dé inú kókó tí a torí rẹ̀ lò ó. Ẹni tó kọ́kọ́ la ọ̀nà tí a fi lè mọ̀ ni a fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀.

Ìlú Budapest ní Hungary ni wọ́n ti bí George de Hevesy lọ́jọ́ kìíní oṣù kẹjọ ọdún 1885. Ní 1911 ó dé ọ̀dọ̀ Ernest Rutherford ní Manchester. Ọ̀gá yìí ní kí ó ya radium D kúrò lára òjé. Ó ṣe é títí, kò ṣeé ṣe, nítorí òjé náà ni radium D, àfi pé tirẹ̀ ń tan ìtànṣán tí ojú kò rí. Hevesy wá rò ó pé bí òun kò bá lè yà wọ́n, ara náà kò lè yà wọ́n. Bí a bá po díẹ̀ nínú rẹ̀ mọ́ òjé lásán, ibi tí ọ̀kan bá lọ ni èkejì yóò lọ, ẹ̀rọ yóò sì máa bá wa ṣọ́ ọ.

Wọ́n ní ó fura sí onílé rẹ̀ ní Manchester pé àjẹkù ẹran ló ń tún sè fún wọn. Ó bu ohun tí ń tan ìtànṣán sí àjẹkù tirẹ̀. Lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan ó gbé ẹ̀rọ ti oúnjẹ, àṣírí tú. (Àwa tí a ń jẹun ní bùkátéríà ìbá fẹ́ irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀!)

Ní 1923, ní Copenhagen, ó tọpasẹ̀ òjé láti gbòǹgbò ẹ̀wà dé ewé rẹ̀. Ní 1924, òun àti àwọn dókítà fún ehoro ní bismuth, tí wọ́n fi ń wo sífílíìsì nígbà náà, wọ́n sì rí ibi tí òògùn náà dé. Ṣùgbọ́n májèlé ni òjé. Ìgbà tí wọ́n mọ bí a ti ń ṣe phosphorus tí ń tan ìtànṣán ni iṣẹ́ náà gbòòrò. Ní 1935 ó fún eku ní irú rẹ̀, ó sì rí i pé egungun pàápàá ń pààrọ̀ èròjà rẹ̀ lójoojúmọ́. Ní 1942, òun àti Hans von Euler fi í wo ohun tí ìtànṣán X ń ṣe sí kókó lára eku.

Ogun kò jẹ́ kí ó sinmi. Nígbà tí àwọn ọmọ ogun Jámánì wọ Copenhagen ní 1940, ó fi ásíìdì yọ́ àmì-ẹ̀yẹ wúrà méjì tí àwọn ẹlẹ́bùn Nobel fi pamọ́ síbẹ̀, kí wọ́n má baà rí i. Ìran Júù ni òun náà. Ní 1943 ó sá lọ sí Sweden. Lẹ́yìn ogun, wúrà náà ṣì wà nínú ìgò, wọ́n sì tún un rọ. Òun náà gba ẹ̀bùn Nobel ti ọdún 1943. Ó kú ní Freiburg, ní Jámánì, lọ́jọ́ karùn-ún oṣù keje ọdún 1966.

Lónìí, àwọn dókítà lè so zirconium-89 mọ́ òògùn jẹjẹrẹ mìíràn, kí wọ́n fún aláìsàn, kí wọ́n sì gbé e sínú ẹ̀rọ ayàwòrán PET. Kókó tí òògùn dé yóò tàn nínú àwòrán. Èyí tí kò bá dé yóò ṣókùnkùn, dókítà yóò sì tètè mọ̀ pé kí òun wá òògùn mìíràn.